Ìlàkílà kọ́ ni mò ń fà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kubwa, Àbújá níbí. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìlọrin, mo kí yín lọ́tọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka èsì yín, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fi àwòrán méjìlá ránṣẹ́ síbí, àwọn kéékèèké tí mo máa ń fi báírò yà sí etí ìwé nígbà tí mo bá ń dúró de ọkọ̀ ní Berger, tàbí tí ìpàdé ibiṣẹ́ bá gùn jù. Ọmọkùnrin onírin tí irun rẹ̀ yọ bí ìwo méjì, kìnnìún márùn-ún tó so pọ̀ di òmìrán kan, ọmọbìnrin olójú ńlá tí omijé dúró sí lójú tí kò já bọ́. Inú kàtúùnù àtijọ́ ni gbogbo wọn ti wá, pàápàá ti àwọn ará Japan. Mo wá béèrè pé kí la ó máa pe irú àwòrán báyìí, èyí tí ọwọ́ ń yà nígbà tí ọkàn wà níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n fèsì pé: "Ìlàkílà. Ìlà tó bá sáà ti wá. Ọ̀rọ̀ parí." Àbúrò wa kan ní Jos fi tirẹ̀ kún un, ó ní kí a máa pe anime, ìyẹn kàtúùnù àwọn ará Japan, ní àwòrán-abẹ̀mí.

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ gbé ìlàkílà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkọ́mọ, ìwàkíwà, aṣọkáṣọ, ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ta ni nínú yín tí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọkọ́mọ tó dúpẹ́? Ẹ ní -kí- tó wà láàárín irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní èébú kankan nínú, pé "èyíkéyìí" lásán ló jẹ́, ẹ sì pe ẹnikẹ́ni, ibikíbi àti ohunkóhun wá jẹ́rìí. Mo gbà wọ́n lẹ́lẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jẹ́. Ẹni, ibi, ohun, ìgbà: ọ̀rọ̀ òfìfo ni wọ́n, èébú ò rí ibi dì mú lára wọn. Gbàrà tí ẹ bá gbé -kí- lé ohun tí ènìyàn fọwọ́ ṣe, tàbí ohun tó ti ẹnu ènìyàn jáde, ìtìjú ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún télọ̀ ní ọjà Wuse pé kó má rán aṣọkáṣọ fún yín, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀. Ẹ lè ní ẹni tó ń wáṣẹ́ a máa sọ pé "iṣẹ́kíṣẹ́ tí mo bá rí, màá ṣe é," pé kò sí èébú níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o. Ara rẹ̀ ló ń rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀.

Ìyá wa tó ń gbé Lọ́kọ́ja ní -kú- ló burú, pé -kí- ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n mú ìsọkúsọ àti ìjẹkújẹ wá. Ó dùn ún gbọ́. Ìgbàkúùgbà ńkọ́? -Kú- ló wà nínú rẹ̀, kò sì bú ẹnì kankan. Ìwàkíwà ńkọ́? -Kí- ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí òbí tí wọ́n bá yọ̀ nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń hu ìwàkíwà. Ẹ̀gbọ́n náà gbe ìyá lẹ́yìn lórí èyí, wọn ò sì sọ ohun tí a ó ṣe sí ọ̀rọ̀ ìgbàkúùgbà.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ ò rò. Mo ka ìlàkílà sétí bàbá mi lórí fóònù. Zaria ni wọ́n wà, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, olóòlà sì ti kọ gọ̀mbọ́ sí wọn lójú láti kékeré. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ojú ta ni wọ́n bàjẹ́ báyẹn?" Ilà ni wọ́n gbọ́, ilà ojú. Ohùn kan ṣoṣo ló ya ìlàkílà sọ́tọ̀ fún ilàkílà, àwọn mìíràn nínú wa kì í tilẹ̀ fi àmì sí i rárá. Ìlọrin ni ẹ wà, ẹ̀gbọ́n. Kò yẹ kí n máa sọ fún yín bí ẹni tí olóòlà kọ ilàkílà fún ṣe máa ń gbé ojú yẹn kiri títí ó fi kú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ò wolé.

Ẹ ní láti 1986 lẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá, ẹ sì ní Yorùbá àwa ará Àbújá ti dàpọ̀ mọ́ Hausa. Mi ò bá yín du iṣẹ́ yín. Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí mi sí, Hausa la fi ń ṣeré níta, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹni tó bá fi èdè mìíràn kí bàbá mi láàárọ̀, wọn kì í dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dùn mí.

Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, wọ́n á kó wa lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Òkèlele, nínú Ìlọrin tí ẹ wà yẹn. Amọ̀kòkò ni wọ́n. Bí ìkòkò bá ti rọ́ra le díẹ̀, wọ́n á fi ṣùkù àgbàdo yí i lára láti ṣọ̀nà sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń dúró kó le, wọn kì í jókòó lásán. Wọ́n á mú amọ̀ tó ṣẹ́kù, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á máa fi igi tín-ín-rín fa ìlà sí i: ẹyẹ, alángbá, ojú ènìyàn. Tí wọ́n bá wò ó tẹ́rùn, wọ́n á pò ó padà mọ́ amọ̀ yòókù. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ló ń ṣeré." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí èyí: ìyá yẹn mọ -kí- dáadáa. Ìkòkò tí ẹlòmíràn bá mọ tó sán kó tó kúrò nínú iná, ìkòkòkíkòkò ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì pè é sókè kí onítọ̀hún gbọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, wọn ò fi pe ẹyẹ tí wọ́n yà sára amọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a máa pe irú àwòrán yìí ní eré ọwọ́. Ẹnì kan dábàá àfọwọ́fà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ní olówó, ìjàǹbá tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà ni, a ò lè tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ará Japan pàápàá ti kojú irú ọ̀rọ̀ yìí. Manga tí wọ́n ń pe ìwé àwòrán wọn, àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́: èkejì jẹ́ àwòrán, èkíní jẹ́ ohun tó ń lọ bó ṣe wù ú láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí Hokusai, ayàwòrán wọn àtijọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkójọ àwòrán kéékèèké rẹ̀ jáde ní 1814, manga náà ló pè é: ènìyàn tó ń wẹ̀, ẹja, ológbò, ẹni tó ń jà. Wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ rìn, wọn ò bú u.

Ó kan àbúrò mi ní Jos. O ní nínú èdè Látìn, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti mú animation, anima ni ẹ̀mí, nítorí náà àwòrán-abẹ̀mí. Àbúrò, àwọn tó ni anime ò lọ sí Látìn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú, wọ́n gé e lọ́rùn, wọ́n sì ń lò ó lọ, ojú ò tì wọ́n. Àwọn Hausa tó yí wa ká níbí ní talabijin, wọ́n sì sọ sinimá àtijọ́ di majigi. Àwa náà ti ní kàtúùnù. Kí ló ṣe é?

Ẹ̀mí tó o sì fi sí i yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1963 ni Astro Boy, kàtúùnù ọmọkùnrin onírin yẹn tí Tezuka Osamu, ayàwòrán ará Japan, ṣe, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Fuji. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Owó àti àkókò tí Tezuka ní kò lè gbé ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló bá ń fi ẹyọ àwòrán kan dúró fún mẹ́ta, ó di mẹ́jọ péré. Nígbà mìíràn ojú á dúró gbọnin, ẹnu nìkan ló ń mì. Ibẹ̀ ni omijé tí kò já bọ́ ti wá, èyí tí mo máa ń yà. Mẹ́jọ yẹn, òkú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ojú àwa tí à ń wò ló ń so wọ́n pọ̀. Bàbá bàbá mi jẹ́ alfa. Wọ́n kà á fún wa nínú hadiisi pé lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, wọn yóò ní kí ayàwòrán fi ẹ̀mí sí ohun tó yà, kò sì ní lè ṣe é. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń fi ìwé mi pamọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwòrán-abẹ̀mí kì í ṣe orúkọ tí ọmọ lè mú wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwòrán fúnra rẹ̀ tó wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal tú u sí à-wò-rántí, ohun tí à ń wò láti fi rántí. (Ìwọ tó o sọ pé ìran ló wà nínú rẹ̀, awòran lò ń rò, ẹni tó ń wòran. Tún ohùn rẹ̀ wò.) Ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ a ti jókòó síwájú NTA ní Zaria, à ń wo kàtúùnù Voltron àti Superbook, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun. A ò mọ̀ pé Japan ni wọ́n ti ya Superbook, bẹ́ẹ̀ ni a ò mọ̀ pé eré Japan ti 1981 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tún tò tí wọ́n fi pè é ní Voltron ní 1984. Mi ò ní fídíò kankan nínú wọn. Ohun tó kù nínú orí mi ni mò ń yà.

Nígbà tí mo wá rí Astro Boy lórí fóònù, mo jókòó ti irun rẹ̀ fún wákàtí kan. Ibi yòówù kó kọjú sí, ìwo irun méjèèjì ń hàn. Orí ènìyàn kankan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tezuka fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwo méjì yẹn sì ni ọmọdé fi ń dá ọmọ náà mọ̀ lókèèrè. Ìlà méjì péré ni. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìlàkílà nìyẹn?

Títí a ó fi rí èyí tó sàn jù, eré ọwọ́ ni màá máa kọ sábẹ́ tèmi. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ Òkèlele jù mí lọ. Ẹ bá mi bi àwọn ìyá amọ̀kòkò tó kù níbẹ̀ bóyá wọ́n á gbà kí ẹ pe ọ̀nà ara ìkòkò wọn ní ìlàkílà. Mo sì ṣì ń retí èsì yín lórí ìgbàkúùgbà.