Ẹni tó bá mọ Bàbá Pásítọ̀ onínọ́sìrì, ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí lọ́dọ̀ wọn

Ọmọ Oko

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí Bàbá Pásítọ̀ wa ti lọ, mi ò sì tíì rí ẹni tó jókòó kọ nǹkan kan nípa wọn. Ìwé ìsìnkú tí a tẹ̀ nígbà yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ọdún tí wọ́n di pásítọ̀ àti iye ọmọ tí wọ́n fi sáyé ló wà nínú rẹ̀. Nọ́sìrì wọn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ń rà lọ gbìn, ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé orí pẹpẹ nìkan ni wọ́n ti lo ayé wọn. Ẹni tó bá ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti wọn, kó jọ̀ọ́ kó wá kọ ọ́ síbí. Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi lọ bá wọn pé kí n máa bá wọn rọ yẹ̀pẹ̀ sí náílọ́ọ̀nù nígbà họlidé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ abúlé wa ní ìhà Oǹdó, ẹ mọ ibẹ̀: ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, oòrùn á kàn máa já wọlé ní ẹyọ ẹyọ. Lábẹ́ imọ̀ yẹn, ọmọ kòkó lè tó 5,000 lọ́dún tó bá dára, pẹ̀lú ọ̀pẹ àti ọsàn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mọ bí ìjọ wa ṣe kéré tó. Owó ọrẹ tí à ń dá ò lè bọ́ agbo ilé kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́sìrì yẹn ló bọ́ ilé wọn, òun náà ló ra páànù tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kóró kòkó kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàdo. Àgbàdo, o lè so ó kọ́ sókè àjà títí òjò ọdún tó ń bọ̀ á fi dé. Kòkó, bí kóró rẹ̀ bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Torí náà, bí wọ́n bá lọ ra irúgbìn ní CRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí kòkó, ní Ìdí-Ayunrẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn, odidi èso ni wọ́n máa ń gbé bọ̀, wọn kì í là á lọ́hùn-ún. Wọ́n á wọ mọ́tò méjì, á di alẹ́ kí wọ́n tó wọlé, a ó sì ti jí lọ́jọ́ kejì kí ojú tó mọ́ láti là á. A ó fi eérú ra kóró náà títí omi yíyọ̀ ara rẹ̀ á fi tán, kí èèrà má baà dà bò ó. Kóró kan, náílọ́ọ̀nù kan. Ilẹ̀ dúdú abẹ́ igbó ni à ń rọ sínú rẹ̀, a ó ti fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kúrò lára òkúta.

Ìdí náílọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní ihò. Mo gbàgbé ihò náà lọ́dún kan. Mo ti rọ 200, mo sì ti gbìn ín tán. Òjò rọ̀, omi dúró sínú wọn, gbogbo kóró náà rà. Bàbá bínú! Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ olóògbé, inú wọn máa ń tètè ru. Wọ́n pariwo mọ́ mi níwájú àwọn ọmọ yòókù, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Nígbà tó di alẹ́, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá mi rò pé wọ́n wá fẹjọ́ sùn ni, wọ́n ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bàbá ní, "Màmá, ẹ dìde. Ọmọ yìí ni mo wá bá." Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní ohùn tí àwọn lò fún mi lọ́sàn-án kì í ṣe ohùn tó yẹ, kí n má bínú. Kò sí àgbàlagbà kankan tó ti bẹ̀ mí rí láyé mi kó tó di ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún mi ní ìṣó gígùn kan tí wọ́n ti ki igi bọ̀ nídìí, wọ́n ní tèmi ni, òun ni kí n máa fi lu ihò.

Ìṣó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun gan-an, ọmọ wa. Èmi bá Pásítọ̀ jà o, kí ẹ mọ̀. Oṣù kẹwàá ni mo rówó àjọ gbà, mo sáré lọ pé kí wọ́n ta 300 ọmọ kòkó fún mi. Wọ́n ní rárá. Mo ní owó nìyí. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, òjò ń lọ. Bí ẹ bá gbìn ín nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀rùn á bá a níbi tí kò tíì ta gbòǹgbò. Ẹ dúró di oṣù karùn-ún, kí ẹ lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ dè é, kó rí ibòji." Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi pamọ́ fún ẹlòmíì ni. Mo lọ ra tèmi níbòmíì, ẹni tó tà á fún mi ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa parí, ẹ̀ka gbígbẹ ló kù sóko mi.

Mi ò lè wojú wọn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún lóòótọ́, wọ́n rán ọmọ sí mi pé 300 mi ti tó kó. Mi ò ní owó mọ́. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé, wọ́n ní bí kòkó náà bá so, kí n wá san án. Kòkó ìgbà yẹn, kí wọ́n tó kó irú tuntun wá, ó máa ń tó ọdún mẹ́rin, márùn-ún, kó tó so. Ta ló ń tajà láwìn ọdún márùn-ún?

Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, lọ́jọ́ kẹjọ tí a sọ wọ́n lórúkọ, ọmọ ọsàn méjì ni wọ́n gbé wá, wọ́n ní kí bàbá wọn gbìn ín síbi tí a rì ibi wọn mọ́. Àwọn kan nínú ìjọ kùn pé ìwà abọ̀rìṣà ni. Pásítọ̀ dá wọn lóhùn pé ṣebí inú ilẹ̀ ni Ọlọ́run ti mú Ádámù. Àwọn ọmọ náà ti wà ní yunifásítì báyìí. Ọsàn Táíwò ló dùn jù, ti Kẹ́hìndé kan díẹ̀.

Tíṣà

Ẹ rántí ìwàásù Ìkórè? Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń sọ ọ́, a sì máa ń rò pé wọ́n kàn fẹ́ polówó ọjà wọn ni, títí mo fi wá kà á fúnra mi. Ní 1901, àwọn ọmọ ìjọ kan kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó, nítorí ọ̀ràn Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson. Ibẹ̀ ni African Church ti bẹ̀rẹ̀, Jacob Kehinde Coker sì wà lára àwọn tó ṣíwájú. Coker yìí kan náà ló ní oko kòkó ńlá ní Ifákò, Agége. Àwọn tó wá ṣe lébìrà lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Agége láti ìlú Yorùbá lóríṣiríṣi, bí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n á mú irúgbìn kòkó dání, àwọn mìíràn á sì mú ìjọ dání pẹ̀lú. Ohun tí Bàbá máa ń fà yọ níbẹ̀ ni pé àpò kan náà ni Bíbélì àti kòkó bá dé abúlé. Mo fẹ́ràn ìwàásù yẹn ju gbogbo ìyókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Mo ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Màmá Pásítọ̀ kí n tó kọ eléyìí, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́, bóyá ó lè ran ẹnì kan lọ́wọ́.

Èmi ni mo máa ń wọn ìfúnpá wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, 180/110 ni mo bá, wọ́n sì rìn wá fúnra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n lo oògùn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àdúrà nìkan ni wọ́n gbójú lé. Láti orí àga ìwàásù ni wọ́n ti máa ń ní kí ìjọ wá ṣe àyẹ̀wò. Àwẹ̀ oṣù kìíní ló dá a rú. Wọ́n gbàgbọ́ pé oògùn òwúrọ̀ á ba àwẹ̀ jẹ́, wọ́n sì pa á tì fún gbogbo ọjọ́ 21, wọn ò bi mí. Ká ní wọ́n bi mí ni, mo lè ti bá wọn bi dókítà bóyá ó ṣeé lò nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ṣínu. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí títí di òní, torí ilé mi ò jìnnà sí tiwọn rárá.

Oṣù kejì, 2024. Wọ́n ti jí lọ bomi rin nọ́sìrì. Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ lọ pọnmi ló bá wọn níbi tí wọ́n ṣubú sí, ike ìbomirin ṣì wà lọ́wọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀kadà la fi gbé wọn dé títì, èmi jókòó sẹ́yìn, mo gbá wọn mọ́ra. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ dé ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. A ò tíì dé èkejì tí wọ́n fi dákẹ́. Ohun tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn, mo gbọ́ ọ, ó ń fà lẹ́nu: "Apá ọ̀hún ò tíì mu omi." Mo kọ́kọ́ rò pé apá ara wọn ni wọ́n ń sọ. Apá nọ́sìrì ni.

Bàbá Akọrin

Èmi àti Pásítọ̀ ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ dùùrù ìjọ ló dá a sílẹ̀, ó ti kọjá, mi ò fẹ́ hú u. A máa ń kí ara wa, ó tán síbẹ̀. Èmi ni mo dárí orin níbi ìsìnkú wọn.

Nígbà tí a gbé òkú sílẹ̀ tán, tí gbogbo èèyàn ń padà bọ̀ láti ibojì, ẹ̀gbẹ́ nọ́sìrì la gbà. Ẹ mọ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe máa ń rí lóṣù kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú, kò sẹ́ni tó rántí ibẹ̀. Ọmọ kòkó náà ò tíì ju oṣù méjì lọ, ewé wọn ti sorí kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá Pásítọ̀ dúró. Wọn ò sunkún níbi ibojì, ibẹ̀ ni wọ́n ti sunkún.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Ó bọ́ gèlè, ó gbé korobá kan, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Àwọn Ìyá Ìjọ tẹ̀ lé e, nínú aṣọ ìsìnkú. Bí èmi náà ṣe bọ́ kóòtù mi nìyẹn. A ò dárí orin kankan, kò sẹ́ni tó pàṣẹ. A pọnmi títí ilẹ̀ fi ṣú, ìrẹsì ìsìnkú tutù síbẹ̀. Mo ń bomi rin wọn, mo ń bá Pásítọ̀ sọ ohun tí mi ò sọ fún ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ kejì, a pín in ní agbolé agbolé, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, títí òjò fi dé.

Ọmọ Oko

Ẹ ṣé o. Omijé mi ò jẹ́ kí n tètè dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé tí Bàbá ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí kún un. Lóṣù kẹta ọdún yẹn, gbogbo wa mọ̀ bí owó kòkó ṣe fò sókè, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí oṣù kẹfà tó wọlé, gbogbo ayé ló ń wá ọmọ kòkó. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ọkọ̀ wá láti ìlú, wọ́n fẹ́ ra gbogbo nọ́sìrì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ka owó sórí tábìlì. Mo wà níbẹ̀. Màmá Pásítọ̀, tí wọ́n ṣì ń jẹ gbèsè ìsìnkú, wọlé lọ mú ìwé ẹ̀kọ́sáìsì aláwọ̀ búlúù kan jáde. Orúkọ ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó ti san, ẹni tó san ìdajì, àti àwọn tí Bàbá kọ "ó dìgbà tó bá rówó san" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá. Gbogbo ẹ̀ ló lólówó." Àwọn ọkùnrin náà fi owó kún owó. Màmá ò yí ohùn padà. Wọ́n fún wọn lómi mu, wọ́n sì sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

Orúkọ ìyá mi wà nínú ìwé náà, 50 ọmọ kòkó. Ìyá mi ò béèrè, wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo gbìn ín, mo fi ẹsẹ̀ mẹ́wàá sáàárín ìkọ̀ọ̀kan bí Bàbá ṣe kọ́ mi, mo sì ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú. Irú TC tó máa ń tètè so ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí òdòdó lára igi mẹ́ta, ó lẹ̀ mọ́ ara igi gan-an, ó kéré débi pé ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ ò lè rí i.

Àwọn tó fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́, Sátidé yìí la ó la irúgbìn tọdún yìí. Màmá Pásítọ̀ ní kí n kó náílọ́ọ̀nù wá. Láti àná ni mo ti ń lu ihò sí wọn nídìí.