Kí ló wà nídìí ṣọkọ mi yìí?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Alábàtà l'Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń gbin ṣọkọ àti ewédú. Ṣọkọ apá kan kò dàgbà dáadáa, ewé rẹ̀ ń pọ́n. Mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti ta kókó jọ̀nkọ̀n-jọnkọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Aràn tíntìntín inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nematode ni mo fura sí. Ojú lásán kò kúkú rí i.

Àmọ́ àwọn kòkòrò funfun kan tún wà lábẹ́ koríko tí mo fi bo ebè. Bí mo bá ṣí i, wọ́n á máa ta pọ́n-ún-pọ́n-ún. Ṣé àwọn náà ń jẹ gbòǹgbò ni, àbí koríko jíjẹrà nìkan ni tiwọn? Mi ò fẹ́ da oògùn lé aláìṣẹ̀ lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti fi ìgbẹ́ adìyẹ kápá kókó yìí? Báwo lẹ ṣe lò ó?