Ariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn tí a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì: báwo ni mo ṣe lè wádìí rẹ̀ nílé?

Ará Àpáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Toyota Camry ọdún 2004 ni mò ń lò. Àpáta, nílùú Ìbàdàn, ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì wà ní Bódìjà. Ariwo kan ń jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, lápá ọ̀tún, ó ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ìgbà tí irin méjì bá ń kan ara wọn. Kì í ró rárá bí mo bá ń sáré lórí ọ̀dà tó dán. Ibi tí ọ̀dà ti bó, tàbí ojú ọ̀nà erùpẹ̀ àdúgbò wa, pàápàá bí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́, ni ó ti ń dà mí láàmú jù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá gun bọ́ǹpù gíga tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì jọ gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì. Mo rà á, ó dè é, ariwo náà kò sì lọ. Ní báyìí, ó tún ní kí n lọ ra gbogbo apá irin tó wà nísàlẹ̀ lódindi. Kí n tó tún gba ọ̀nà Gate lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́jà, mo fẹ́ mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi yẹ̀ wò nínú ọgbà ilé mi, pẹ̀lú jáàkì àti àwọn sípánà tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mókọ́lá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó. Kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀ rárá, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù sílẹ̀: táyà àpọ́jù, jáàkì, wíìlì sípánà, agolo ọ́ìlì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ ṣí ibi tí táyà àpọ́jù ń sùn sí kí ẹ wò ó bóyá bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ tún wo orí bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn tó ń kan ike ara ilẹ̀kùn, àti ẹ̀yìn ìjókòó fúnra rẹ̀ bí kò bá há dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀nà tí ariwo yẹn ti máa ń ró, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wakọ̀ nígbà tí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn, nítorí ẹni tó di sítíárì mú kì í lè mọ ibi tí ohùn ti ń wá dájú.

Nǹkan kan ṣì kù tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: nígbà tí ariwo náà bá ń ró lọ́wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ yẹ bíréèkì ẹ̀yìn wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Mẹkáníìkì Ìwó Road

Ọ̀gá mi, ohun tí ẹ sọ nípa bọ́ǹpù yẹn ti tọ́ka sí ọ̀nà. Irin gbọọrọ kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn Camry yín tó so apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ apá òsì. Stabilizer ni à ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ọkọ̀ má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù bí ó bá ń yí kọ́nà. Línkéèjì kéékèèké méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni ó so ìpẹ̀kun irin náà mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, ńṣe ni irin náà kàn ń yí nínú rọ́bà tó dì í mú, ohun tó ń kan línkéèjì kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí táyà kan bá bọ́ sí kòtò tí èkejì kò bọ́, línkéèjì ni ó ń gba gbogbo wàhálà yẹn, bí oríkèé rẹ̀ bá sì ti jẹ, á máa ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú kì í sábà ró báyìí. Ọkọ̀ á máa fì sókè sódò lẹ́yìn tó ti gun bọ́ǹpù tán, òróró á sì máa sun lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ máúntìn orí ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó so orí rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ni ó bàjẹ́, ohùn rẹ̀ máa ń wúwo, á ró gbì, á sì dà bíi pé ẹ̀yìn ìjókòó ni ó wà.

Ẹ tún rántí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì yín. Kò sí bí wọ́n ṣe máa tú ṣọ́ọ̀kì lára irú Camry yìí láìtú orí línkéèjì kúrò lára rẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀tì ibẹ̀ má fún tó nígbà tí wọ́n dá a padà.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sókè, wọ́n á fi ọwọ́ mi línkéèjì, kò ní mì, wọ́n á sì gbà pé ó dára. Kò lè mì, nítorí pé bí táyà kan bá wà lókè tí èkejì wà nílẹ̀, irin stabilizer ti lọ́, ó sì ti fa línkéèjì le dan-in. Táyà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tàbí kí méjèèjì jọ rọ̀ sókè. Ẹ wá di àárín línkéèjì mú ṣinṣin, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á, kí ìka kan lára ọwọ́ kejì wà lójú oríkèé rẹ̀. Bí ìka yín bá mọ̀ ọ́n pé ó ń ta kọ́ kọ́ kọ́, ó ti jẹ nìyẹn, kódà bí rọ́bà tó bò ó kò tíì ya.

Ní ti ààbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ni ó gbé e. Ẹ wá ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń kọ́lé, nítorí ó lè fọ́ túútúú lẹ́ẹ̀kan náà láìfi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ni háǹdì-bíréèkì ń dì mú, torí náà bí ẹ bá ti gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kò wúlò mọ́. Ẹ fi igi ńlá há táyà iwájú níwá lẹ́yìn, kí jíà sì wà ní P. Ilẹ̀ ọgbà tó da gẹ̀rẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ilé nílùú wa kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá.

Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, tí sàlẹ́ńsà sì ti tutù, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a díẹ̀, nítorí rọ́bà tó gbé e rọ̀ máa ń já, irin á sì máa kan ara ọkọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ sípíríǹgì náà bóyá ó ti kán.

Ará Àpáta

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo kó búùtù sílẹ̀, ariwo náà wà bẹ́ẹ̀. Mo fẹsẹ̀ kan bíréèkì, kò dákẹ́. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, táyà méjèèjì sì wà nílẹ̀ nígbà tí mo na ọwọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Línkéèjì òsì kò mì rárá. Ti ọ̀tún ń ta sí mi lọ́wọ́ lójú oríkèé òkè, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì fún dáadáa. Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi, àbí kí n ra tòkúnbọ̀ kí ẹlòmíràn bá mi dè é?

Bàbá Olúyọ̀lé

Ẹ ra méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, kí ó sì jẹ́ tuntun. Mo máa ń ra ọ̀pọ̀ nǹkan ní tòkúnbọ̀ ní Aráròmí níbẹ̀ ní Gate, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá jẹ́ pé oríkèé àti rọ́bà ni ó ń bà jẹ́, n kì í ra àlòkù rẹ̀, nítorí rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ tú ti àtijọ́, kí ẹ mú un dání lọ sí ọjà, kí ẹ fi gígùn rẹ̀ àti ihò bóòtù rẹ̀ wé tuntun kí ẹ tó sanwó.

Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Wáyà ìfọ̀rin àti òróró tó ń tú bóòtù tó ti dípẹtà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ojú bóòtù náà. Bí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tì, ọ̀pá àárín rẹ̀ lè máa bá a yí. Ẹ fi allen key, ìyẹn sípánà onígun mẹ́fà tó ń wọ inú ihò, dì í mú láti àárín, kí ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì.

Ní ti àwọn apá irin ìsàlẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹ rà, ẹ fi sílẹ̀ ná. Bí ó bá di dandan lọ́jọ́ kan, ẹ ta kú mọ́ ẹni tó ń dè é pé kí ó fún bóòtù àwọn bọ́ọ̀ṣì wọn (oríkèé onírọ́bà tó wà ní ìpẹ̀kun wọn) kẹ́yìn nígbà tí ìwúwo ọkọ̀ bá ti wà lórí táyà. Bí ó bá fún wọn nígbà tí táyà ṣì rọ̀ sókè, rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì á lọ́ gbàrà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Ti línkéèjì kò ní wàhálà yẹn. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ wa ọkọ̀ yíká àdúgbò díẹ̀, kí ẹ sì tún fi sípánà dán nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò.