Ẹwìrì ni ká pe blower, ká fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Bọ̀dá wa ní ká máa pe blower, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ní "abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì", àǹtí wa ní supercharger, èyí tó ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, tiẹ̀ dá yàtọ̀, pé "akìfẹ́fẹ́" ló yẹ ẹ́. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì, torí irin kan náà ni, ibi tí wọ́n gbé e sí ló yàtọ̀.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì GMC 6-71 tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938, sìlíńdà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kúbíìkì ínṣì 71, ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ ti wá. Two-stroke ni, písítìnì ẹ̀ ń gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná á ti jó, kò lè dá mí fúnra ẹ̀, blower ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọlé tó sì ń lé èéfín jáde, ìyẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe fún eré sísá (Barney Navarro wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, blower 3-71, ti ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́ta, ló gbé lé Ford flathead, ẹ́ńjìnnì Ford àtijọ́ onísìlíńdà mẹ́jọ) wá ń tú u lára tírélà àti bọ́ọ̀sì tó ti kú, wọ́n gbé e lé ẹ́ńjìnnì V8 onípẹtiróòlù, wọ́n fi bẹ́ẹ̀tì so ó mọ́ kiráǹkì, irin tí písítìnì ń yí, afẹ́fẹ́ wá pọ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè gbé mì, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di pé ó ń kì í. Tá a bá pè é ní akìfẹ́fẹ́, irọ́ ni lórí bọ́ọ̀sì. Abẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ẹ rán ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ mú abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì wá, fáànù rédíétọ̀ ló máa gbé wá fún yín.

Ẹwìrì ni mo fara mọ́. Nílé alágbẹ̀dẹ, ẹwìrì kì í dáná, iná ti wà nílẹ̀, ó ń fún un láfẹ́fẹ́ jẹ ni, ọmọ tó ń fínná náà sì ń làágùn, bí blower ṣe ń jẹ lára agbára kiráǹkì gan-an nìyẹn. Ẹ sì gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù: àwọn ará Roots ní Indiana tí wọ́n gba ìwé àṣẹ irú ẹ̀rọ yìí lọ́dún 1860, ilé ìyọ́rin ni wọ́n ń lò ó sí kí mọ́tò tó dáyé rárá! Iṣẹ́ ẹwìrì ló ti ń ṣe látilẹ̀.

Torí náà, ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́wìrì. Tọ́bò tí èéfín ń yí, ẹwìrì eléèéfín. Irin méjì tó ń yí nínú ẹ̀, tí wọ́n wọnú ara wọn tí wọn ò sì fara kanra, ìbejì ni mo ń pè wọ́n, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ tiyín.