A ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀), ṣé ọjọ́ kan á tó fún Kétu?

Kẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Kétu. Àwa 14 la fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ yín, a ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí àtọ̀rẹ́ fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń há mẹ́rin mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. A máa sùn ní Pọ́bẹ̀, ọjọ́ kejì la máa dé Kétu, ọjọ́ kẹta la fẹ́ fi kun ògiri kíláàsì méjì, ká tún lọ wo Àkàbà Ìdènà, torí pé mi ò lè dé Kétu kí n má fojú kan ibodè yẹn. Ṣé ọjọ́ kan á gba méjèèjì? Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.

Ọmọ_Alákétu
Ẹ káàbọ̀ o, iṣẹ́ ńlá lẹ dáwọ́ lé. Ó máa gbà á. Iṣẹ́ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, Àkàbà nírọ̀lẹ́, àmọ́ ẹ má fi ìkánjú wò ó o. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá dúró létí yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká láyé ogun, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ní 1886 ni Dàhòmì kó Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì làwọn tó kù tó padà wá tún ìlú tò. Ìdílé ìyá mi wà lára àwọn tó padà yẹn, ó máa ń dùn mí bí àlejò bá kàn ya fọ́tò tó lọ. Ẹ má sì ní kí wọ́n gbé Gèlèdé jáde torí pé ẹ wá, ó ní ìgbà tiẹ̀.

Tíṣà_Obìnrin
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn kan wá kun kíláàsì mi nígbà òjò, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ò tíì gbẹ, mo sọ fún wọn, wọ́n ní ọ̀la làwọn ń lọ. Oṣù ò tíì parí tí ọ̀dà fi ń bó bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, àwọn ọmọ ń fi èékánná ṣí i. Bẹ́ǹṣì lẹ sọ pé wọn ò ní, ẹ ṣáà ra pákó, ẹ gba káfíńtà abúlé yẹn sí i, ẹ̀yin ẹ máa fi sáńpépà ha á, ẹ máa bá a di í mú kó fi kànṣó. Ẹ gbé omi yín dání o, omi jìn nílẹ̀ ní Kétu, ẹ má jẹ́ kí omi táwọn ọmọdébìnrin pọn wá sílé ìwé tán sórí ọwọ́ fífọ̀.

Táyà_Méjì
Láti Pọ́bẹ̀ ẹ tètè jáde, aago mẹ́fà kó bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ táyà tójò bá rọ̀, kẹ́ ẹ tó tún gun òkè. Ní apá Onígbólò ọkọ̀ símẹ́ǹtì pọ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ fèrè lẹ́yìn ẹ yà sẹ́bàá títì kíá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kó ní túùbù méjì lápò.

Kẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo pe ọ̀gá iléèwé náà lálẹ́ àná, mo bi í pé kí ló fẹ́, ohun tá ò tíì bi í látìgbà yìí nìyẹn. Ó ní pákó. Owó ọ̀dà ti di owó pákó, ó sì ti bá wa rí káfíńtà. Ọmọ Alákétu, ṣé ẹ lè pàdé wa níbodè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́?

Ọmọ_Alákétu
Màá wà níbẹ̀. Etí yàrà la máa ti bẹ̀rẹ̀.