Èmi nìkan, ọkọ̀ kámpà kan, ọjọ́ 10 ní ìgbèríko Írẹ́lándì: ẹ bá mi wò ó

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ wa kámpà lọ sí Írẹ́lándì ní ìparí oṣù kẹrin, èmi nìkan. Ducato L2H2 ni ọkọ̀ náà: ó gùn ní mítà 5.41, ó fẹ̀ ní mítà 2.05 láìka dígí ẹ̀gbẹ́, ó sì ga tó 2.6 pẹ̀lú páńẹ́lì sólà orí rẹ̀. Bátìrì inú ilé jẹ́ 100Ah, oríṣi lead-acid. Sílíńdà Calor propane kìlógíráàmù 6 kan ló ń gbé iná ìdáná àti ẹ̀rọ amúlégbóná.

Ètò mi ni pé kí n wọ fẹ́rì ní Holyhead, kí n bọ́ sílẹ̀ ní Dublin, kí n sì rin gbogbo Wild Atlantic Way, ìyẹn ọ̀nà etí òkun ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, láti Kinsale dé Donegal. Ṣé ọjọ́ 10 á tó? Níbo ni mo lè sùn sí láìsanwó? Ṣé gáàsì yìí á gbé mi débẹ̀ padà? Mo tún fẹ́ di ọbẹ̀ ẹran sínú fíríìjì, kí n mú iṣu méjì dání. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní. Físà iṣẹ́ ni mo fi wà ní UK.

Bàbá_Dẹ́rẹ́bà

Àdùkẹ́, ọmọ mi, ìdí físà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí ọ̀nà. Físà UK kò ṣí ilẹ̀kùn Írẹ́lándì Olómìnira fún ọmọ Nàìjíríà. Ètò físà àjùmọ̀lò tí ìjọba méjèèjì ní, àwọn ará Ṣáínà àti Íńdíà nìkan ló wà fún. Físà ìgbà kúkúrú ti Írẹ́lándì ni wàá béèrè lórí AVATS, ojúewé ìbéèrè físà wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o sì lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn. Bó bá wà lọ́kàn rẹ láti yà sí Írẹ́lándì Àríwá kí o tún padà wọlé, èyí tó fàyè gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí o béèrè. Ẹni tó bá ní kí o gba Belfast yọ́ wọlé nítorí pé kò sí géètì ní ààlà, wàhálà ló ń wá fún ọ. Àìsí géètì ò ní kí òfin má sí.

Bí físà kò bá tètè jáde, Írẹ́lándì Àríwá wà lábẹ́ físà UK tí o ní. Sọdá láti Cairnryan ní Scotland sí Belfast tàbí Larne, kí o rin etí òkun Antrim dé Derry. Ọ̀nà Torr Head nìkan ni kí o yẹra fún níbẹ̀. Ó há, òkè rẹ̀ sì dúró ṣánṣán jù fún kámpà.

Ó wá ku ètò tí o ṣe. Wild Atlantic Way tó kìlómítà 2,500. Pín in sí ọjọ́ 10, ó di 250 lójúmọ́. Ní ọ̀nà etí òkun, bí o bá ka kọ́nà, àgùntàn àti ọkọ̀ tí ẹ ń yà fún ara yín, kámpà kì í sábà ju nǹkan bíi 40 lọ ní wákàtí kan. Ju wákàtí mẹ́fà lọ nìyẹn ní ìdí sítíarìn lójoojúmọ́, o ò tíì bọ́ sílẹ̀ wo nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Fi Donegal àti Mayo sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Kerry àti Clare tó ọjọ́ 10, ó tún ṣẹ́kù.

Láti Dublin, M7 dé Limerick, N21 dé Castleisland, N23 àti N22 dé Killarney. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 300, kò sì ní ìyọnu. M50 tí wàá fi jáde ní Dublin ní owó ibodè láàárín jákọ́ṣọ̀n 6 àti 7, ṣùgbọ́n kò sí géètì níbẹ̀. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. San án lórí eFlow, ojúewé ìsanwó M50, kí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtanràn á gun orí rẹ̀.

Ring of Kerry jẹ́ kìlómítà 179. Láti Killarney, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ń gba Killorglin, Cahersiveen, Waterville, Sneem àti Kenmare yípo. Ìhà kan náà ni kí o gbà. Àwọn kan á ní kí o kọjú sí wọn kí o má baà há sẹ́yìn wọn. Ìyẹn dára fún mọ́tò kékeré. Bí kámpà bá pàdé bọ́ọ̀sì ní kọ́nà olókùúta, ìwọ lo máa rìfáàsì. Sùn sí Glenbeigh, gbéra kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Killarney, kí o sùn sí Caherdaniel lọ́jọ́ kejì.

Ní Dingle, má gba Conor Pass, ìyẹn R560. Ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 tàbí tó fẹ̀ ju mítà 1.8 kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀, tìrẹ sì ju méjèèjì lọ. Gba Castlemaine, R561 kọjá Inch dé Annascaul, kí o bọ́ sí N86. Slea Head, R559, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni ọkọ̀ ńlá ṣe ń yí i: Ventry, Dunquin, Ballyferriter. Èdè Irish nìkan ló wà lára àmì ojú ọ̀nà lágbègbè yẹn, nítorí náà mọ̀ pé An Daingean ni Dingle, àti pé Géill Slí ń sọ fún ọ pé kí o yà fún ẹlòmíràn.

Fẹ́rì Tarbert sí Killimer máa gbé ọ kọjá odò Shannon ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ó sì gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyípo kìlómítà 137 tó gba Limerick. Ní Clare, R477 tó gba Fanore àti Black Head dé Ballyvaughan ló dùn ún wà jù. Láti ibẹ̀ sí Galway, M6 àti M4 sì dé Dublin.

Google Maps kò mọ̀ pé kámpà lo ń wà. Nọ́ńbà ọ̀nà ni kí o máa wò. N (ọ̀nà orílẹ̀-èdè) àti R (ọ̀nà ẹkùn) kò burú. L (ọ̀nà àdúgbò) tó ní òǹkà mẹ́rin ṣeé gbà bó bá di dandan. L tó ní òǹkà márùn-ún, koríko sábà máa ń hù láàárín rẹ̀, ògiri òkúta lọ́tùn-ún lósì, kò sí ibi tí wàá ti yí orí ọkọ̀ padà. Bí ẹ bá pàdé, ẹni tí ibi ìyàsí-ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ jù ló ń rìfáàsì. Kìlómítà ni àmì ìwọ̀n eré níbẹ̀: 60 jẹ́ 37 lórí aago ọkọ̀ UK, 80 jẹ́ 50, 100 jẹ́ 62. Láti oṣù kejì 2025, 60 ni òfin fi sí ọ̀pọ̀ ọ̀nà L ìgbèríko.

Atúnnáṣe_Cork

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò gáàsì yín.

Iná ìdáná kan ń jó nǹkan bíi gíráàmù 110 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ń dáná fún wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ 10 á jẹ kìlógíráàmù 1.1. Ìyẹn ò ṣòro. Ẹ̀rọ amúlégbóná ló ń pa gáàsì: ní ìwọ̀n kìlówáàtì 2, ó ń jó gíráàmù 160 ní wákàtí kan. Kìlógíráàmù 4.9 tó ṣẹ́kù, wákàtí 30 péré ni. Ẹ tàn án mọ́jú fún wákàtí mẹ́jọ, òru kẹrin ni yóò kú. Alẹ́ Kerry lóṣù kẹrin ṣì tutù, nítorí náà wákàtí kan lálẹ́ àti kan láàárọ̀ ni kí ẹ fi í mọ sí, kí dúfẹ́ẹ̀tì tó nípọn ṣe ìyókù.

Ẹ má fọkàn sí i pé ẹ máa pààrọ̀ sílíńdà níbẹ̀. Calor ti Írẹ́lándì kì í gba sílíńdà Calor ti Gẹ̀ẹ́sì, rẹ́gúlétọ̀ yín sì lè má wọ tiwọn. Ilé epo tó ń ta gáàsì ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ìgboro, áńbọ̀sì ìgbèríko. Ẹ mú sílíńdà kejì tó kún dání, tàbí Campingaz 907 pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀wà ń jẹ gáàsì. Bí ẹ bá máa sè é, ìkòkò pressure ni o. Kí ọkọ̀ tó wọ fẹ́rì, ẹ ti sílíńdà pa láti orí rẹ̀.

Bátìrì: ìdajì lead-acid nìkan ni kí ẹ lò, ìyẹn 50Ah. Fíríìjì oníkọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ ń jẹ tó 30 sí 40Ah láàárín wákàtí 24. Bí ẹ bá jókòó sójú kan fún odidi ọjọ́ kan ní kùrukùru, ó ti tán nìyẹn. Bí Ducato yín bá jẹ́ Euro 6 (òṣùwọ̀n èéfín EU), alternator rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣe iná, máa ń sọ agbára kalẹ̀ fúnra rẹ̀, rìléè lásán kò sì lè kún bátìrì ilé dáadáa. Ṣájà DC-DC 30A, èyí tó ń gbé iná láti ẹ́ńjìnnì sí bátìrì ilé, ló ń ṣe é. Wákàtí méjì lójú ọ̀nà á dá nǹkan bíi 50Ah padà.

Ní ibùdó kámpà, ẹ béèrè bóyá 6A ni iná wọn tàbí 10A. 6A kò ju wáàtì 1,380 lọ. Kẹ́tù ilé tó jẹ́ wáàtì 2,200 á já a, olùtọ́jú ibùdó á sì ti lọ sùn. Kẹ́tù wáàtì 800 àti hítà wáàtì 500 ni kí ẹ mú, kí ẹ má tan méjèèjì pọ̀. Ẹ tú okùn iná mítà 25 náà tán pátápátá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí bó bá wà ní kíká ó ń gbóná débi tí rọ́bà rẹ̀ fi ń yọ́. Ẹ ki í bọ ara ọkọ̀ kí ẹ tó ki í bọ òpó.

Kásẹ́ẹ̀tì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀: oògùn aláwọ̀ ewé ni kí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìgbèríko ló ń lo sókíwéè, formaldehyde inú àwọn oògùn búlúù kan sì ń pa kòkòrò tó ń mú ìdọ̀tí jẹrà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Tallaght

Àdùkẹ́, gbé ọbẹ̀ ẹran yẹn sílẹ̀. Láti ìgbà tí UK ti jáde ní EU, ẹran àti wàrà láti Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ wọlé lọ́wọ́ èrò, sísè àti àìsè. Iṣu, ata tútù àti ewébẹ̀ náà ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbọn wà lára ìwọ̀nba tí wọ́n yọ sílẹ̀. Gàrí, èlùbọ́, epo pupa, kò sí ìjà. Ẹja gbígbẹ náà lè wọlé bí kò bá ju kìlógíráàmù 20 lọ, ta ló sì máa jẹ ìyẹn tán? Iṣu àti ata rodo wà ní Moore Street láàárín ìgboro Dublin. Rà wọ́n kí o tó kọjú sí Kerry.

Ibi ìsùn: kò sí òfin tó fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn síbi tó wù ọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí etí òkun ní ọ̀pá ìdènà tó ga tó nǹkan bíi mítà 2, kò lè gbà ọ́ wọlé. Bí kò bá sì sí ọ̀pá, wo pátákó kó o tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọgbà Killarney, má dán an wò. Àwọn ilé ọtí ìgbèríko kan máa ń gbà kí o sùn sẹ́yìnkùlé wọn bí o bá jẹun níbẹ̀. Wọlé lọ béèrè, má kàn gúnlẹ̀. Bí o bá máa mu bíà, rántí pé mílígíráàmù ọtí 50 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ 100 ni òṣùwọ̀n fún awakọ̀ níbí, kì í ṣe 80 ti Gẹ̀ẹ́sì, ọtí àná sì lè ṣì wà lára láàárọ̀. Wave Crest ní Caherdaniel àti Nagle's ní Doolin wà létí òkun gan-an. Wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, torí ọ̀pọ̀ ibùdó ń ti ilẹ̀kùn nígbà òtútù.

Bàbá, mi ò bá yín jiyàn lórí Ring. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè jí ní kùtù, kí ó gbéra lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì á ti lọ tán, ilẹ̀ ò sì ní ṣú títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án.

Ní ilé epo abúlé, ka ara páǹpù dáadáa. Wàá rí dísẹ̀lì àgbẹ̀ tí wọ́n pa láró àwọ̀ ewé, owó rẹ̀ kéré. Wàá tún rí kerosíìnì. Dísẹ̀lì àgbẹ̀ lójú títì, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Nítorí pé ìwọ nìkan ni: jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú síta, kọ́kọ́rọ́ níbi tí ọwọ́ rẹ mọ̀ nínú òkùnkùn. Fi Eircode (nọ́ńbà àdírẹ́sì Írẹ́lándì) ibi tí o sùn ránṣẹ́ sí ẹnì kan lálaalẹ́. Gba máàpù Kerry sórí fóònù ṣáájú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń sọnù láàárín òkè. 112 tàbí 999 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ ṣé gan-an, bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gé Donegal kúrò. Ó ku afẹ́fẹ́: báwo ló ṣe le tó, kí ni mo sì máa ṣe bó bá dé lóru? Àti pé, ṣé mo lè gbé ọkọ̀ sórí yanrìn Inch?

Atúnnáṣe_Cork

Oṣù kẹrin kò dà bí oṣù kìíní. Ìjì Éowyn ti January 2025, tó fẹ́ kọjá kìlómítà 180 ní wákàtí kan ní Mace Head ní Galway, ìgbà òtútù nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ máa wo ìkìlọ̀ Met Éireann, àjọ ojú ọjọ́ Írẹ́lándì, lálaalẹ́. Bí ìkìlọ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ìyẹ́lò, ẹ kúrò létí òkun lọ sẹ́yìn igbó tàbí ilé. Ọ́réǹjì, ẹ má wakọ̀ rárá. Imú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ sí afẹ́fẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ẹ ti fèrèsé òrùlé. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ di ilẹ̀kùn iwájú mú kí ẹ tó fa ọwọ́ rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá gbá a láti ẹ̀yìn á tẹ ìdè rẹ̀, kò sì ní pa dé mọ́.

Yanrìn Inch, rárá o. Ducato ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́, bó bá rì, yíyí táyà á túbọ̀ máa gbẹ́ kòtò ni, omi òkun sì ń bọ̀. Koríko ibùdó náà máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò: ẹ fi ẹ̀yìn wọlé kí ẹsẹ̀ iwájú wà lórí gírábẹ́lì. Bó bá ti ń yí lásán, ẹ dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ ki ẹní rọ́bà méjì sábẹ́ táyà iwájú, gíà kejì ni kí ẹ fi jáde, díẹ̀díẹ̀.