Mo ti dé láti Íjíbítì o
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rántí pé mo béèrè lóṣù tó kọjá pé ṣé kí n dá lọ ni àbí kí n bá gúrúùpù lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gúrúùpù, ẹ ṣé gan-an. Gáìdì wa mọṣẹ́, àmọ́ ìwàǹwára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ní Karnak, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan, òpó 134 nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, mo ṣì ń na ọrùn wo àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sí wọn lára, ó ti ń pè wá sí bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ní kí n má wọ pírámíìdì ọba Khufu torí orúnkún mi, òótọ́ lẹ sọ, ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gòkè nínú ooru, kò sì sí nǹkan kan nínú yàrá òkè ọ̀hún ju pósí òkúta tó ti kán létí lọ. Abu Simbel, tẹ́ńpìlì tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, ló wá pa mí! Wọ́n gé gbogbo ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láàárín 1964 sí 1968, wọ́n lọ tún un tò sórí òkè kí omi dáàmù Aswan má bàa bò ó, mo wá ojú ibi tí wọ́n gé títí. Owó típù tẹ́ ẹ ní kí n ṣẹ́, ọjọ́ kẹta ló tán. Ó parí nìyẹn o.